Owó Tí Kò Mọ Ọjọ́ Ọjà

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò tíì lù tí bẹ́ǹṣì ti kún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan lọ́nà Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Obìnrin mẹ́sàn-án ló jókòó. Káàdì báńkì wà lọ́wọ́ kálukú, owó wà láàárín káàdì, àwọn mìíràn ti fi rọ́bà dè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí báńkì rán wá jókòó sórí àga oníke, ó gbé ìwé ńlá lé itan, fóònù wà lórí ìwé. Kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà. Ẹnì kẹwàá nínú gúrúùpù tó jọ yá owó báńkì ni gbogbo wọn ń retí.

Wọ́n pe ẹnì kẹwàá títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Olórí gúrúùpù rán ọmọ kan sílé rẹ̀, ọmọ náà sì padà wá jíṣẹ́ pé wọ́n ní ìyá onígàrí ti lọ sóko láti ìdájí. Ìyá aláta dìde, ó tún jókòó. Ata rẹ̀ wà lórí àtẹ láìsí ẹni tó ń tà á.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Yóò mú un wá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mi orí. "Ẹ má bínú, màmá. Bí kò bá pé, mi ò lè dìde níbí."

₦5,000 ni owó ọ̀sẹ̀ ìyá onígàrí, àwọn yòókù ló sì dúró fún un. Ìyá aláta mú ₦1,000 sílẹ̀, ìyá aláṣọ mú ₦1,000, àwọn méje tó kù pín ₦3,000 mọ́ra wọn pẹ̀lú ìkùnsínú. Nígbà tí owó pé tán, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúpẹ́, ó gun ọ̀kadà, ó gba ọ̀dọ̀ gúrúùpù mìíràn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin náà lọ ká ìyá onígàrí mọ́lé. Àwọn tó jọ ń ṣe ọdún, tó jọ ń ra aṣọ ẹbí, ni wọ́n ń bú ara wọn ní gbangba.

Ìyá onígàrí kò sá o. Olóko tó ti gba owó rẹ̀ ló pè é pé kó wá wú pákí rẹ̀. Gàrí tó fẹ́ tà ṣì wà nínú àpò lábẹ́ jáàkì, Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjà rẹ̀ bọ́ sí lọ́sẹ̀ náà, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn tó ń kó gàrí lọ sí Èkó máa ń wá. Gbèsè dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjà di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ méjì yẹn ló sọ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru di onígbèsè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ pé owó ni kò sí fún àwọn oníṣòwò kékeré. Lójú tèmi, owó wà, ó tilẹ̀ ń lépa àwọn obìnrin wọ̀nyí dé ojúlé. Èyí tí kò sí ni owó tó mọ bí òwò wọn ṣe ń rìn.

Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn

Nínú ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NBS, àti SMEDAN, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 fún ọ̀rọ̀ òwò kékeré, jọ ṣe ní 2021, iye òwò kéékèèké àti alábọ́ọ́dé lórílẹ̀-èdè yìí lé ní mílíọ̀nù 39. Bí a bá mú ọgọ́rùn-ún nínú wọn, bíi 97 ló jẹ́ èyí tó kéré jù lọ, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kò ní òṣìṣẹ́ kankan ju ẹni tó ni ín àti ọmọ rẹ̀ tó ti ilé ìwé dé.

Àwọn ni aránṣọ tó gbé ẹ̀rọ síwájú ilé, fọganáísà lábẹ́ igi, onídìrí, ẹlẹ́kọ, ẹni tó ń lọ ata. Ìjọba kì í ka orúkọ wọn nínú ìròyìn. Wọ́n kì í sì í pe ara wọn ní ọlọ́jà ńlá. Síbẹ̀ owó ilé ìwé, owó oògùn àti owó ilé ń jáde lára òwò wọn, bí òwò náà bá sì dá dúró ní oṣù kan péré, gbogbo ilé ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Mo yan onígàrí láàárín wọn nítorí pé Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó ń gbin pákí jù lọ láyé, tí kò sì sí ilé tí gàrí kì í wọ̀. Bí a bá mọ bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde lọ́wọ́ onígàrí, a ti mọ ohun tó ń dààmú púpọ̀ nínú àwọn yòókù.

Nídìí agbada

Pákí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti wú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Ìdí nìyẹn tí onígàrí fi ní láti lọ lọ́jọ́ tí olóko bá pè é, yálà ìpàdé báńkì wà tàbí kò sí.

Níbi ìyangàrí kan tí mo jókòó sí, obìnrin mẹ́fà yí òkìtì pákí ká, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń bó o, èèpo ń bọ́ sílẹ̀ ní gígùn, ẹnu wọn kò sì dákẹ́. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ wọn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń gba owó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń ké débi pé ọwọ́ ni oníbàárà àti alọpákí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Alọpákí kì í lọ̀ ọ́ láwìn, ó ní ẹni tó ń ta dísù fún òun kì í tà láwìn.

Wọ́n rọ pákí lílọ̀ sínú àpò, wọ́n to àpò lérí ara wọn sáàárín igi, wọ́n sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Omi funfun ń ṣàn gba ìsàlẹ̀ àpò, ó ń rùn kíkan. Ibẹ̀ ni yóò wà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó lè kan dáadáa. Àwọn Ìjẹ̀bú a máa jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí gàrí wọn fi ń ta ahọ́n. Nígbà tó bá gbẹ, ó ti le bí òkúta, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sẹ́ ẹ, ó wá ku agbada.

Ẹni tó ń yan gàrí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ iná. Ààbọ̀ igbá ló fi ń tẹ̀ ẹ́, tó fi ń yí i, tó fi ń gbé e lọ sí etí agbada tó tún fi ń fà á padà. Kò gbọdọ̀ dá ọwọ́ dúró, bó bá dá a dúró, yóò dì, yóò sì jóná. Èéfín igi ń bọ́ sí i lójú. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe é, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo bi í léèrè ohun tó fi ń wẹ ojú náà. Ó ní omi ni.

Ẹ wá wo ìrìn owó. Olóko gba tirẹ̀ kó tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan pákí. Ọlọ́kọ̀ gba tirẹ̀ kó tó já ẹrù. Abópákí, alọpákí, onígi ìdáná, gbogbo wọn gba tiwọn ní ọwọ́. Ẹni tó gbẹ̀yìn san owó ni alágbàtà tó ń ra gàrí, òun ló sì máa ń ní, "Ẹ gba ìdajì yìí, ìyá mi, ó di ọjà tó ń bọ̀." Gbogbo owó onígàrí jáde ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Kò sí kọ́bọ̀ tó padà wọlé títí di ọjọ́ ọjà.

Ìṣirò tó wà lórí káàdì

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ irú owó tí wọ́n ń yá. Obìnrin kan gba ₦100,000. Wọ́n yọ ₦10,000 níbẹ̀ pé ìfowópamọ́ rẹ̀ ni, wọn kò ní fún un títí yóò fi san tán. ₦90,000 ló gbé lọ sílé. Yóò san ₦5,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000.

Wọ́n á ní èlé ₦20,000 lórí ₦100,000 ni, ìyẹn 20 nínú 100. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ₦100,000 kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ti dá ₦60,000 padà, ₦10,000 sì wà lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí a bá ro owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, tí a sì wọ̀n ọ́n dé ọdún kan, èlé náà lé ní 80 nínú 100.

Èlé nìkan kọ́ ló ń dun onígàrí. Ọjọ́ keje tó gba owó ni ìsan àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ keje, ìwọ̀nba gàrí tó bá ti yan kò tíì dé ọjà. Inú owó tí wọ́n yá a náà ló ti mú ₦5,000 àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ náà ni èkejì yóò ti jáde. Owó tó fẹ́ fi ra ọkọ̀ pákí kan ti di owó tí kò ra ọkọ̀ pákí kan mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ wá dé. Púpọ̀ nínú ọjà ìgbèríko wa, ọrún ni tàbí ìsán. Ọjà ìsán, bí a bá ka ọjọ́ tí à ń ná an mọ́ ọn, ọjọ́ kẹsàn-án ló ń padà bọ̀, ìyẹn ni pé ó ń fi ọjọ́ kan sún síwájú lórí ọ̀sẹ̀ òyìnbó. Lọ́sẹ̀ yìí ó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó di ọjọ́ Ẹtì, yóò sì máa sún bẹ́ẹ̀ títí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní sí ọjà rárá láàárín ìpàdé báńkì kan sí èkejì. Ọ̀sẹ̀ 24 jẹ́ ọjọ́ 168. Ọjà ìsán 21 péré ló wà nínú ọjọ́ 168. Ẹni tó ń ná ọjà ìsán yóò san gbèsè nígbà 24 lórí ọjà 21. Kò sí bó ṣe lè gbọ́n tó, ìgbà mẹ́ta wà tí yóò san owó tí ọjà kankan kò bí.

Mo ti bá òṣìṣẹ́ báńkì tó pọ̀ sọ̀rọ̀ lórí owó gúrúùpù. Ẹnì kan kò fi ìṣirò yìí hàn mí rí. Àwọn obìnrin ló fi hàn mí.

Kí báńkì tó dé

Yíyá owó fún ara ẹni kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó sọ̀rọ̀ èésú gẹ́gẹ́ bí àṣà tó kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti gbé ní Ifẹ̀, kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun: susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní, ní Bahamas wọ́n ń pè é ní asue. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń dá a, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń ránnilétí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ènìyàn mẹ́wàá dá iye kan náà, ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀, ó kan ẹlòmíràn nígbà mìíràn. Kò sí èlé. Àwọn tó ń dá a ló ń yan ọjọ́, nítorí náà ọjọ́ tí owó máa ń wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n máa ń yàn. Onígàrí dá a lọ́jọ́ ọjà, òṣìṣẹ́ ìjọba dá a ní òpin oṣù.

Ti àjọ yàtọ̀ díẹ̀. Alájọ ń wá bá ọlọ́jà nídìí àtẹ lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì rẹ̀, bí oṣù bá parí, ó kó owó rẹ̀ fún un, ó sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni Alphaeus Taiwo Olunaike, Alájọ Ṣómólú, tó kú ní 2012 lẹ́yìn tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn kiri ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, orí tó fi ń rántí iye tí kálukú san sì ti di ohun tí a fi ń yin ọmọ tó mọ̀wé.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára. Ìwọ̀fà wà nígbà náà, ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi ń dúró fún gbèsè. Àwọn Òṣómàálò, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Alájọ mìíràn sá lọ pẹ̀lú owó ọlọ́jà, ó ń ṣẹlẹ̀ títí di òní. Ìlekoko nídìí gbèsè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé ẹni tó yá ni lówó kò mọ ọjọ́ tí a ń pa owó.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin gbà wọlé ní 1935, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ nílẹ̀ wa, gbìyànjú láti so ìfowópamọ́ àti yíyá owó pọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ń fi owó pamọ́, ó sì lè yá ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣooṣù ni wọ́n ń san án. Ó ṣì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, pàápàá jù lọ àwọn olówó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì fi nǹkan kan pamọ́, kò lè yá nǹkan kan níbẹ̀.

Bí owó gúrúùpù ṣe dé

Ní 1989, ìjọba ológun dá People's Bank sílẹ̀ fún àwọn tí báńkì ńlá kì í dá lóhùn, Tai Solarin sì ni alága àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni báńkì àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní 1990. Ní oṣù Kejìlá 2005, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé ìlànà kalẹ̀ fún báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance, àwọn báńkì àdúgbò sì ní láti yí padà sí i.

Ìlànà pé kí àwọn obìnrin dúró fún ara wọn, kí wọ́n sì máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Bangladesh ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, láti ọwọ́ Muhammad Yunus àti Grameen Bank tó di báńkì ní 1983. Ní 2006 wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel. Ayé gbà pé a ti rí oògùn òṣì. Ní 2015, wọ́n tẹ ìwádìí mẹ́fà jáde papọ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Íńdíà, Mexico, Morocco, Ethiopia, Bosnia àti Mongolia. Ohun tí wọ́n rí ni pé owó náà ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ púpọ̀ nínú àwọn tó yá a kúrò nínú òṣì.

Nílé wa níbí, àwọn ayánilówó fúnra wọn kò rọ́wọ́ mú. Ní 2010, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì microfinance 224, kó tó dá ti àwọn kan padà. Ní 2023, ó tún gba ti 132. Owó àwọn tálákà wà nínú púpọ̀ nínú wọn.

Mánẹ́jà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ṣàlàyé ìdí tí èlé fi pọ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ kan ń rìn kiri ọ̀dọ̀ gúrúùpù bíi mélòó kan lójúmọ́ nítorí owó tí kò tó nǹkan, epo ọ̀kadà ń bẹ níbẹ̀, owó oṣù ń bẹ níbẹ̀, àwọn náà sì ń yá owó ni. Òótọ́ ni. Láti oṣù Kọkànlá 2024 ni èlé tí CBN fi ń darí ọjà owó ti gun 27.5 nínú 100, ó sì ju oṣù mẹ́sàn-án lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Báńkì ńlá kì í sábà yá ènìyàn lówó ní èlé tó kéré sí i. Kò sì ní yá onígàrí rárá, nítorí kò ní ilé tó fẹ́ fi dúró.

Ti ìjọba ńkọ́? Ní 2018, TraderMoni pín ₦10,000 fún àwọn ọlọ́jà láìgba ìdúró, pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tó bá san án yóò gba ₦15,000. Ìdìbò 2019 ti súnmọ́ tòsí, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì sọ fún ara wọn pé owó ìbò ni. Ẹni tó bá rò pé owó ìbò ni kò ní san án.

Àwọn tí kò rí èyí tàbí ìyẹn gbà wá bọ́ sọ́wọ́ ayánilówó orí fóònù. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè pé olè ni. Ilé-iṣẹ́ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Ìyá kan tó ń ta bàtà ní ọjà Gbági ní pásítọ̀ òun ló kọ́kọ́ pe òun lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é fún òun. Láti ọjọ́ náà kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́.

Ọdún tí owó sọnù

Kò sí ọdún tó fi àléébù ètò yìí hàn bíi 2023. CBN ti kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2023, owó àtijọ́ kò níye mọ́ lọ́jà, ti tuntun kò sì sí. Àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ àwọn oní-POS. Ata ń bàjẹ́ lórí àtẹ nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á kò rí owó ọwọ́. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta pé kí owó àtijọ́ máa ná lọ títí di òpin ọdún.

Ìpàdé báńkì kò dúró ní gbogbo ìgbà náà. Ìyá aláṣọ sọ fún mi pé àwọn ta ìkòkò ìse ọdún láti fi san owó ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ọmọ tí báńkì rán wá fúnra rẹ̀ ń sunkún, nítorí pé inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èyí tí kò bá rí gbà.

Bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀ ni ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún dé, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà tí kò tó ₦200 sún mọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ pákí gbéra, iye tó wà lórí káàdì kò sì yí padà fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí wọ́n rí ní Kolkata

Ẹ̀rí kan wà tó yẹ kí àwọn báńkì wa wò dáadáa. Ní Kolkata, ní Íńdíà, Erica Field, Rohini Pande àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í san ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbowó, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní oṣù méjì. Ìwádìí náà jáde ní 2013.

Àwọn tó gba oṣù méjì fi owó sínú òwò ju àwọn yòókù lọ, nígbà tó sì di bí ọdún mẹ́ta, èrè wọn pọ̀ jù. Apá kejì kò ṣeé fi pamọ́: àwọn tí kò lè san gbèsè náà pọ̀ sí i láàárín wọn. Ẹni tó bá ní àyè láti dá òwò tó gbòòrò ní àyè láti ṣubú pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn ayánilówó, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ jáde pé owó ọ̀sẹ̀ kan-ọ̀sẹ̀ kan ń dáàbò bo owó báńkì, kí wọ́n yé sọ pé tìtorí òwò àwọn obìnrin ni.

Olùkọ́ ètò ọrọ̀-ajé kan ní yunifásítì bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ó ní ìjọba mọ̀ pé àgbẹ̀ kò lè san gbèsè kó tó kórè, ìdí nìyẹn tí Anchor Borrowers' Programme tí CBN bẹ̀rẹ̀ ní 2015 fi dúró de ìkórè. Pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò dá owó náà padà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, ó ní nítorí pé kò sí aládùúgbò tó ń wò wọ́n ni. Ẹni tó ń sọ irè oko di oúnjẹ kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Gúrúùpù ní ojú tó ń wo ni, kò ní sùúrù. Ètò àgbẹ̀ ní sùúrù, kò ní ojú. Ó yà á lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì so méjèèjì pọ̀ fún òwò gàrí.

Mo sọ fún un pé àwọn obìnrin ti ń so wọ́n pọ̀ fúnra wọn. Nínú gúrúùpù lọ́nà Mọ́níyà, márùn-ún nínú wọn ń dá èésú lọ́jọ́ ọjà, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń fi èésú náà ṣe jù lọ nísinsìnyí ni pé kí wọ́n rí owó san fún báńkì. Owó tó yẹ kó ra ẹ̀rọ ìlọpákí fún wọn, òun ni wọ́n ń fi dí ihò láàárín ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Káàdì ìlà 21

Ìyá aláta ló ro ìṣirò tó kù, ẹ̀yìn káàdì àtijọ́ ló kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá gba ìlà 24 kúrò, kí wọ́n fi ìlà 21 sí i, kí onígàrí máa san ₦5,750 ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦120,750. Kò dín, ó tilẹ̀ fi ₦750 lé. Bí wọ́n bá fi ọjà mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún un kó fi yan gàrí rẹ̀ tà, ₦6,700 fún ọjà 18 jẹ́ ₦120,600.

Mánẹ́jà tí mo bá sọ̀rọ̀ wo ìwé náà títí. Ó ní òótọ́ ni pé owó náà pé. Ó ní orí ẹ̀rọ àwọn, ọjọ́ méje-méje tàbí oṣooṣù nìkan ló wà, ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka òun kò sì lè yí i padà, oríléeṣẹ́ l'Ékòó ló ni àṣẹ. Mo bi í bóyá ẹnì kan ti kọ̀wé sí Èkó rí. Ó ní rárá.

Àwọn obìnrin náà ti ní kí ọmọ ìyá aláṣọ tó wà ní poli bá wọn kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ mú un lé mánẹ́jà lọ́wọ́ kí wọ́n tó gba owó mìíràn, gbogbo wọn ni yóò sì fọwọ́ sí i, títí kan ìyá onígàrí.